Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Àjàkálẹ̀ Àrùn Flu àti Bá A Ṣe Ń Múra Dè É

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Alága wa, mo kí yín. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tẹ́ ẹ wà níwájú níbí, mo júbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ̀ǹda fún mi kí n sọ̀rọ̀ lójú yín. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tẹ́ ẹ ráàyè yọjú, ẹ kú iṣẹ́ àìsùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn torí àga ò tó, ẹ má bínú, ẹ sún wá síwájú díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an, tó bá yá ẹ máa rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí flu, ẹnì kan tó sún mọ́ mi bi mí pé, "Flu kẹ̀? Ọ̀fìnkìn lásán?" Mo ní rárá o. Ọ̀fìnkìn á jẹ́ kó o máa sín, imú á máa dà, wàá sì máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Flu á dá ẹ dùbúlẹ̀. Ara á gbóná, egungun á máa ro ẹ́ bíi pé wọ́n fi pòǹpó lù ẹ́, ọ̀fun á gbẹ, ikọ́ á wọlé, àtidìde lọ bu omi mu á di iṣẹ́. Èyí tó sì máa ń wá lọ́dọọdún, tó ti mọ́ wa lára, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ní ó ń pa èèyàn bí 290,000 sí 650,000 lọ́dún kan káàkiri ayé. Èyí tó mọ́ wa lára nìyẹn o. Èyí tí ara ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí wá ńkọ́?

Òwe kan ni mo máa fi ṣe òpó ọ̀rọ̀ mi lónìí. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ dákun, ẹ bá mi tún un wí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí ló dé tó jẹ́ arọ ni wọ́n mú? Kí ló dé tí wọn ò mú sárésáré? Torí sárésáré lè dúró dìgbà tó bá fojú rí ogun kó tó ki eré mọ́lẹ̀. Arọ ò lè dán an wò. Gbogbo ọrọ̀ tí arọ ní ò ju àsìkò tó wà láàárín ìgbà tó gbọ́ àti ìgbà tí ogun dé. Tó bá fi àsìkò yẹn jiyàn, ó ti tán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, níwájú flu tuntun, gbogbo wa ni arọ. Ẹni tó kó o lè ti máa kó o ran ẹlòmíì láti nǹkan bí ọjọ́ kan kó tó mọ̀ pé ara òun ò yá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun, látìgbà tí wọ́n bá ti dá kòkòrò náà mọ̀, ó ń gbà tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kó tó jáde. Ẹ fi ọjọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi oṣù mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ta ló máa sáré yẹn? Kò sẹ́ni tó máa sá a. Ẹni tó bá tètè kúrò nílé nìkan ló máa débẹ̀.

Báwo ni flu ṣe ń di tuntun?

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, àmọ́ ó yẹ ká mọ̀ ọ́n. Fáírọ́ọ̀sì flu ní nǹkan méjì lára tí wọ́n fi ń dárúkọ ẹ̀, H àti N. H ni kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ṣílẹ̀kùn wọnú ara wa, N ni ọ̀bẹ tó fi ń gé ara ẹ̀ kúrò nígbà tó bá bímọ síbẹ̀ tán tí àwọn ọmọ fẹ́ ṣí lọ síbòmíì. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ H1N1, H3N2, H5N1. Lọ́dọọdún ó máa ń pààrọ̀ aṣọ díẹ̀díẹ̀, ara wa ṣì máa ń rántí ojú ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, torí ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń tún abẹ́rẹ́ ẹ̀ ṣe lọ́dọọdún. Àmọ́ ohun àjogúnbá tó gbé sínú pín sí ọ̀nà 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè tiẹ̀, bíi káàdì téèyàn lè pò. Tí flu ẹyẹ àti flu èèyàn bá pàdé nínú ara ẹran kan, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà, wọ́n lè pín káàdì láàárín ara wọn, ohun tó bá sì jáde níbẹ̀ lè jẹ́ àlejò pátápátá tí ara ẹ̀dá kankan ò rí rí. Èyí ló ń di àjàkálẹ̀.

Látọdún 1918 títí di òní, ìgbà mẹ́rin nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: 1918, 1957, 1968, 2009. Ẹ bá mi ṣírò àárín wọn. Ọdún 39, ọdún 11, ọdún 41. Ṣé ẹ rí ìlànà kankan níbẹ̀? Èmi ò rí i. Ẹni tó bá ní òun mọ ọdún tí èyí tó kàn máa dé, ẹ yẹra fún un.

Ohun tójú rí lọ́dún 1918

Ó yá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ tiyín. Flu 1918 mú nǹkan bí èèyàn 500 mílíọ̀nù, ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ẹni tó wà láyé nígbà náà, wọ́n sì fojú bù ú pé ó pa tó 50 mílíọ̀nù. Àwọn wo ló pa? Ọmọdé àti arúgbó ni flu sábà máa ń mú lọ, àmọ́ lọ́dún yẹn àwọn ẹni 20 ọdún sí 40 ọdún ló ń ṣubú bí ewé, géńdé tó gbóná janjan, ìyàwó ilé tó lóyún, sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, flu ló ṣílẹ̀kùn, òtútù àyà tí kòkòrò míì fà ló wọlé pa wọ́n, kò sì sí oògùn tó ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ sì wo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Flu Sípéènì. Ṣé Sípéènì ló ti bẹ̀rẹ̀ ni? Rárá o! Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń jagun ò jẹ́ kí ìwé ìròyìn wọn sọ pé àìsàn ń pa sójà wọn, wọ́n ní kí ọkàn aráàlú má baà rẹ̀wẹ̀sì. Sípéènì ò sí nínú ogun, ìwé ìròyìn wọn kọ ọ́ bó ṣe rí, ni gbogbo ayé bá ní tiwọn ni. Ẹni tó sọ òótọ́ ni wọ́n di ẹrù rù. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí, torí ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ títí dòní, ìlú tó bá kọ́kọ́ kígbe pé àrùn wà lọ́dọ̀ òun, kíá ni wọ́n á ti í bodè mọ́ ọn, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n, lẹ́yìn náà la ó wá máa bèèrè pé kí ló dé tí àwọn kan fi ń pa á mọ́ra.

Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí erékùṣù Samoa, láàárín òkun Pàsífíìkì. Ìtàn yìí ni mo fẹ́ràn jù láti sọ, òun náà ló sì máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Samoa pín sí méjì nígbà yẹn, Amẹ́ríkà ń ṣàkóso ti ìlà oòrùn, New Zealand ń ṣàkóso ti ìwọ̀ oòrùn. Èèyàn kan náà ni wọ́n, èdè kan náà, wọ́n bára tan, òkun ló kàn la àárín wọn. Gómìnà tó wà ní ti Amẹ́ríkà, John Poyer, gbọ́ ìròyìn pé àìsàn kan ń pa èèyàn níta. Gbígbọ́ ló gbọ́ o, kò tíì rí i. Ó ní kí ọkọ̀ ojú omi kankan má dédé já èèyàn sílẹ̀, ẹni tó bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀. Àwọn ará erékùṣù fúnra wọn ló ń ṣọ́ etíkun.

Ní apá kejì ńkọ́? Lọ́jọ́ 7 oṣù kọkànlá 1918, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Talune gúnlẹ̀ sí Apia láti New Zealand. Àwọn tára wọn ò yá wà nínú ẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wí kí n tó wí, àìsàn ti kárí gbogbo erékùṣù, kò sẹ́ni tó lè dáná fún ẹnìkejì, kò sẹ́ni tó máa gbẹ́ ilẹ̀. Nǹkan bí 8,500 èèyàn ló kú, ó lé ní ẹnì kan nínú márùn-ún gbogbo wọn.

Ní ti ìlà oòrùn, èèyàn mélòó ni flu pa lọ́dún yẹn? Ẹ sọ ọ́. Kò pa ẹnì kankan. Ẹyọ ẹnì kan ò kú!

Ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín lára. Poyer ò ní oògùn tí àwọn yòókù ò ní. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọn ò tíì mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á pàápàá, ọdún 1933 ni wọ́n tó rí flu èèyàn yọ nínú láàbù. Ìròyìn ló ní, ó sì gbà á gbọ́ ní àsìkò. Lọ́dún 2002, olórí ìjọba New Zealand, Helen Clark, lọ sí Samoa lọ tọrọ àforíjì. Ọdún 84 lẹ́yìn náà.

Tẹ́ ẹ bá ní erékùṣù ni, ó rọrùn fún wọn, ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ ìlú ńlá. Philadelphia ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹsàn-án 1918, àìsàn ti wọlé. Wọ́n ti ṣètò ìwọ́de ńlá kan láti fi kówó ogun jọ. Àwọn dókítà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fagi lé e. Ọ̀gá elétò ìlera ìlú ọ̀hún jẹ́ kó wáyé. Lọ́jọ́ 28 oṣù yẹn, nǹkan bí 200,000 èèyàn tò sójú títì, èjìká kan èjìká. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọsibítù kún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lé ní 12,000 èèyàn tó kú ní ìlú kan ṣoṣo.

St. Louis, ní Amẹ́ríkà kan náà, rí àwọn àkọ́kọ́ tó ṣàìsàn láàárín ìlú ní nǹkan bí ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. Dókítà Max Starkloff, ọ̀gá elétò ìlera ìlú náà, ní kí wọ́n ti ilé ìwé, kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n ti ilé sinimá, ọjọ́ 7 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré! Àwọn oníṣòwò bínú sí i gan-an. Nígbà tí ikú le jù, iye tó ń kú lọ́sẹ̀ kan níbẹ̀ tá a bá fi wé iye èèyàn ìlú, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ti Philadelphia ni. Nígbà tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn padà ní oṣù kọkànlá torí ó ti sú aráàlú, ikú tún gbérí. Mo fi èyí kún un kẹ́ ẹ má baà rò pé ẹ̀ẹ̀kan la máa ń tìlẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ á sì parí.

Ọkùnrin tó ní kí wọ́n má pa àkùkọ

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí 1957, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹkún nìkan. Onímọ̀ kan wà ní Washington, Maurice Hilleman. Nínú oṣù kẹrin ọdún yẹn, ó ń ka ìwé ìròyìn, ó kà á pé flu mú èèyàn rẹpẹtẹ ní Hong Kong, pé àwọn obìnrin ń tò dè dókítà, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, ojú ọmọ ti dà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ka ìròyìn yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà tí wọ́n ṣí ojú ewé kejì. Òun ní kí wọ́n wá omi ọ̀fun ẹni tó ń ṣàìsàn náà fi ránṣẹ́ sóun. Nígbà tó dé, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi èèyàn wò, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ara ẹnikẹ́ni mọ kòkòrò yìí. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tára ẹ̀ mọ̀ ọ́n, àfi àwọn arúgbó díẹ̀ tí wọ́n la àjàkálẹ̀ 1889 sí 1890 já. Ó ní ó ń bọ̀, ó ní tí ilé ìwé bá wọlé padà ní oṣù kẹsàn-án ló máa dé. Bó ṣe wí ló rí.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí làákàyè ẹ̀ pọ̀ dé. Inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ flu, kì í sì í ṣe ẹyin lásán, ẹyin tí àkùkọ lọ́wọ́ sí ni. Tí àsìkò tí adìẹ ń pamọ lọ́dún bá ti parí, àwọn olóko adìẹ máa ń pa àkùkọ wọn, torí oúnjẹ tó ń jẹ. Hilleman ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe abẹ́rẹ́ pé kí wọ́n sọ fáwọn olóko, ẹ má pa àkùkọ o! Nígbà tí àìsàn fi dé, abẹ́rẹ́ ti ń jáde, wọ́n ṣe tó 40 mílíọ̀nù. Kò tó gbogbo èèyàn, flu náà ṣì pa tó mílíọ̀nù kan káàkiri ayé. Àmọ́ ẹ wo iye ẹ̀mí tó wà lọ́rùn àkùkọ. Ohun tí mò ń pè ní ìmúrasílẹ̀ nìyẹn, kéèyàn mọ okùn tó gbé gbogbo nǹkan ró, kó má jẹ̀ẹ́ kó já.

Ìgbà tá a múra tí ogun ò wá

Mi ò ní tàn yín. Ìmúrasílẹ̀ náà ní ewu tiẹ̀. Oṣù kejì 1976, sójà ọ̀dọ́ kan kú ní bárékè Fort Dix ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí flu ẹlẹ́dẹ̀ lára ẹ̀, ẹ̀rù 1918 ba gbogbo wọn. Ààrẹ Ford ní kí gbogbo aráàlú gba abẹ́rẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ó lé ní 40 mílíọ̀nù èèyàn tó gbà á. Àjàkálẹ̀ ò wá. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Guillain-Barré, tó máa ń gba agbára lápá àti lẹ́sẹ̀, jáde lára díẹ̀ nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́, nínú 100,000 èèyàn tó gbà á, ó fi bí ẹnì kan lé lórí iye tí àìsàn náà máa ń mú tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní oṣù kejìlá.

Àwọn kan á ní ẹ ò rí i, ṣebí ariwo lásán ni. Èrò tèmi ni pé ohun méjì ni wọ́n dì sínú ẹrù kan. Kéèyàn ṣe abẹ́rẹ́ kó kó o pa mọ́, ìpinnu kan nìyẹn, èyí yẹn dáa. Kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí gún un fún mílíọ̀nù èèyàn, ìpinnu míì nìyẹn, ó yẹ kó dúró de ẹ̀rí pé àrùn ń ràn kiri lóòótọ́. Ó sì yẹ kí wọ́n ti sọ fún aráàlú látìbẹ̀rẹ̀ pé ó lè má wá o. Aráàlú ò yadi. Tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn pé òjò lè rọ̀, wọ́n á mú agboòrùn, tí kò bá rọ̀ wọn ò ní bú yín. Tẹ́ ẹ bá búra pé ó máa rọ̀, ọ̀rọ̀ á di ìjà.

Ọ̀kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé yẹ̀ wò. Hong Kong, 1997. Flu ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 bọ́ sára èèyàn, ó mú 18, ó pa 6 nínú wọn. Ní ìparí ọdún ìjọba pa gbogbo adìẹ tó wà nílùú, nǹkan bí 1.5 mílíọ̀nù, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èèyàn tó ń kó o dáwọ́ dúró. Ṣé ìyẹn ló gba ayé là? Ta ló lè búra? Ìmúrasílẹ̀ tó bá ṣiṣẹ́, kì í ní ẹlẹ́rìí, kò sẹ́ni tó máa wá kí ẹ pé o ṣeun, èmi ni mi ò kú. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ lágbára nínú ìjọba, ẹ gbọ́ o, adìẹ yẹn ni owó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ ò bá ní sanwó fún olóko kíá, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ wá pa nǹkan ọ̀sìn ẹ̀, á kó èyí tó ń ṣàìsàn pa mọ́, tàbí kó sáré tà á lóru. Ṣé ẹ máa dá a lẹ́bi? Ẹ ka owó gbà-má-bínú tẹ́ ẹ máa san fún olóko mọ́ ara oògùn, torí oògùn ni.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò

2009 kọ́ wa ní tiẹ̀. Oṣù kẹrin ni H1N1 tuntun yọ ní Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà, ọjọ́ 11 oṣù kẹfà WHO kéde pé ó ti di àjàkálẹ̀ àgbáyé. Abẹ́rẹ́ dé, àmọ́ ó pẹ́, ní ibi púpọ̀ àìsàn ti ń rọlẹ̀ kó tó délẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó sì ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kó jáde, àwọn tálákà ń wò. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, 2007, Indonesia ti fárí gá. Wọ́n ní àwọn ń kó kòkòrò H5N1 láti ara àwọn èèyàn àwọn ránṣẹ́, ẹlòmíì á fi ṣe abẹ́rẹ́ tí àwọn ò ní lówó rà, nítorí náà àwọn ò fi ránṣẹ́ mọ́. Wọ́n bú wọn gan-an. Èmi ò bá wọn bú Indonesia, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ṣe léwu, ẹ̀dùn ọkàn wọn tọ́. Ìjà yẹn ló bí àdéhùn kan ní WHO lọ́dún 2011, pé ẹni tó bá mú kòkòrò wá gbọ́dọ̀ rí nínú abẹ́rẹ́. Ní oṣù karùn-ún 2025 wọ́n tún fọwọ́ sí àdéhùn tó gbòòrò ju ìyẹn lọ lórí àjàkálẹ̀ gbogbo, iṣẹ́ ṣì pọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ ẹ̀ rántí òwe wa? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tá ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Flu ò mọ bodè. Láàbù tí kò níná ní ìlú ẹlòmíì, àwa náà ló ń fi sínú òkùnkùn.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, H5N1 yẹn ò lọ. Látọdún 2003 ó ti mú ju 900 èèyàn lọ káàkiri ayé, nǹkan bí ìdajì wọn ló kú. Ní oṣù kẹta 2024, wọ́n rí i lára màlúù tí wọ́n ń sìn torí wàrà ní Amẹ́ríkà, ohun tí ọ̀pọ̀ ò retí. Kò tíì máa ràn láti ara èèyàn sí èèyàn ní ìrọ̀rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ "kò tíì" yẹn. Inú ẹ̀ la wà báyìí. Inú ẹ̀ náà ni Poyer wà, tí Hilleman wà.

Kí la máa wá fi ṣe? Ìjọba gbọ́dọ̀ máa sanwó fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, kí láàbù máa ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀, kí ọ́síjìn wà ní ọsibítù, kí ìbòmú wà ní sítóò kí ọ̀rọ̀ tó dijú, kí nọ́ọ̀sì gba owó ẹ̀ lásìkò torí òun ló máa dúró tì yín. Ẹni tí wọ́n bá ní kó jókòó sílé torí ara ẹ̀ ò yá, kí owó iṣẹ́ ẹ̀ má dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á pọn ikọ́ sẹ́yìn lọ síbi iṣẹ́. Àwa náà ńkọ́? Ẹ̀yin àgbàlagbà, ẹ̀yin aláboyún, ẹ̀yin tí àìsàn ọkàn tàbí àtọ̀gbẹ ń bá fínra, ẹ gba abẹ́rẹ́ flu ọdọọdún níbi tẹ́ ẹ bá ti rí i. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ fọwọ́. Ẹ má lo oògùn tó ń pa kòkòrò bakitéríà sí flu láìjẹ́ pé dókítà ní kẹ́ ẹ lò ó, agbára ẹ̀ ò ká flu, kẹ́ ẹ má baà sọ ọ́ di omi lásán kó tó di ọjọ́ tí òtútù àyà máa nílò ẹ̀ lóòótọ́. Tí mímí bá sì ti ń ṣòro fún ẹni tó ní flu, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ ọsibítù.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fara balẹ̀. Mo rí ìyá kan lápá òsì tó ti nawọ́ látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ adìẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní máìkì, ó jọ pé wọ́n ń sin nǹkan.